Ọlọ́pàá Kì Í Ṣe Egúngún Tí A Fi Ń Dẹ́rù Ba Ọmọ

  Ẹ̀yin ará ilé wa ní Ogunu àti ní gbogbo àdúgbò Warri, à ń ka orúkọ àwọn ọmọ tuntun nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí. Olúwa yóò wò wọ́n, wọn yóò dàgbà, wọn yóò sì sin wá. Nítorí ti àwọn ọmọ wọ̀nyí ni mo ṣe mú kálámù lónìí.

Ìyá tàbí baba tí kò tíì fi ọlọ́pàá dẹ́rù ba ọmọ rí kò pọ̀ láàárín wa. Bí ọmọ bá kọ oúnjẹ, a ó ní, "Ọlọ́pàá ń bọ̀ o!" Bí ó bá ń sunkún lóru, a ó ní, "Dákẹ́, kí ọlọ́pàá má baà gbé ọ lọ." Ní ibùdókọ̀ ojú irin níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé, mo máa ń rí ọmọ kékeré tí yóò sá sẹ́yìn ìró ìyá rẹ̀ bí ọlọ́pàá bá kọjá, àfi bí ẹni tí ó rí egúngún tí ó mú pàṣán lọ́wọ́. Ẹ̀rín ni a fi ń rín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà bá di ẹni ogún ọdún, tí wọ́n dá a dúró lójú pópó, tí wọ́n ní kí ó mú fóònù rẹ̀ wá kí àwọn wò ó, ẹ̀rù ìgbà èwe yẹn kan náà ni yóò dìde nínú rẹ̀. Òun a sá, tàbí kí ó máa gbọ̀n, tàbí kí ó fi ìbínú sọ ohun tí kò yẹ kí ó sọ. Kò sí èyí tí ó dára nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní àwọn ìlú mìíràn, wọ́n ní ilé kan tí wọ́n ti ń wo irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ sàn. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọlọ́pàá ni, èyí tí à ń pè ní mùsíọ́ọ̀mù. Kì í ṣe ibi tí a kàn kó fìlà àti kóńdó àtijọ́ jọ sí. Ibi ẹ̀kọ́ ni fún ọmọdé, ibi àpérò sì ni fún àgbà. Mo fẹ́ sọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ fún yín, kí n sì bi yín bóyá àwa náà kò lè ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀.

ÌRỌ̀RÍ ONÍGI

Ní Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, àgọ́ ọlọ́pàá kan wà ní Newton Street. Ọdún 1879 ni wọ́n kọ́ ọ. Nígbà tí iṣẹ́ ọlọ́pàá parí nínú rẹ̀, wọn kò wó o lulẹ̀. Ní 1981, wọ́n sọ ọ́ di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Tábìlì níbi tí wọ́n ti ń kọ ẹ̀sùn ènìyàn sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àwọn yàrá àhámọ́ àtijọ́ náà wà níbẹ̀, ti àwọn ti ibùsùn onígi àti ìrọ̀rí onígi. Bẹ́ẹ̀ ni, ìrọ̀rí onígi! Orí pákó ni ẹni tí wọ́n bá mú ń gbé orí lé títí ilẹ̀ fi mọ́.

Àwọn olùkọ́ máa ń kó ọmọ ilé ìwé wá síbẹ̀. Àwọn ọmọ a wọ inú yàrá àhámọ́, wọn a dé fìlà ọlọ́pàá, wọn a sì gbọ́ bí ìyà ṣe ń jẹ ọmọdé tí ó jalè láyé àtijọ́. Lára àwọn tí ń mú wọn káàkiri, àwọn kan ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí. Ọmọ tí ó bá gbé orí lé pákó fún ìṣẹ́jú kan ti gbọ́ ìwàásù tí ẹnu kò lè wà. Bí ó bá sì béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ bàbá àgbà kan tí ó ti jẹ́ ọlọ́pàá rí, tí bàbá náà rẹ́rìn-ín tí ó sì dá a lóhùn, yóò mọ̀ pé ènìyàn ni ó wà nínú aṣọ náà.

ILÉ KAN NÍ BOW STREET

Ní Lọ́ńdọ̀nù, òmíràn wà ní Bow Street, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù karùn-ún ọdún 1920 lé ní mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún, ìyẹn ni 2021. Inú àgọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n ti tì pa láti 1992 ni ó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹjọ́ tí ó parí iṣẹ́ ní 2006. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ìtàn bí iṣẹ́ ọlọ́pàá ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ìlú náà. Ní 1749, adájọ́ kan tí ń jẹ́ Henry Fielding kó àwọn ọkùnrin díẹ̀ jọ kí wọ́n máa lépa olè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àbúrò rẹ̀, John Fielding, jókòó sórí àga ìdájọ́. Afọ́jú ni John, síbẹ̀ wọ́n ní ó lè fi ohùn nìkan dá ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọ̀daràn mọ̀. Ọdún 1829 ni ìjọba wá dá ẹgbẹ́ ọlọ́pàá ńlá ti Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀.

Níbẹ̀ náà wọ́n máa ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọmọ ilé ìwé, wọ́n sì máa ń pe àwọn ará ìlú wá gbọ́ ọ̀rọ̀. Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ ìta gbangba yàtọ̀ sí ìwé kíkà ni pé ẹni tí ó gbọ́ lè nàka sókè kí ó béèrè. Ọlọ́pàá tí ń dáhùn ìbéèrè níwájú ogunlọ́gọ̀, tí kò sì lè sọ pé, "Ta ni ìwọ tí ń bi mí?", òun náà ń kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà.

Àgọ́ Bow Street yìí ni wọ́n rán Norwell Roberts lọ ní 1967. Ọmọ erékùṣù Anguilla ni, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà sí iṣẹ́ ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fúnra wọn fi ojú rẹ̀ rí màbo. Wọ́n bú u, wọ́n ba nǹkan rẹ̀ jẹ́. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni ó lò níbẹ̀, a sì fi àmì ẹ̀yẹ Ọbabìnrin fún àwọn ọlọ́pàá dá a lọ́lá ní 1996. Àwa tí a ń ṣe àtìpó mọ ìtumọ̀ irú ìforítì bẹ́ẹ̀.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ A FI PAMỌ́

Ṣùgbọ́n ilé ìtàn tí ó bá ń sọ dídára nìkan, ilé ìpolówó ọjà ni. Ọ̀kan nínú ọmọ wa wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé ìtàn rẹ̀ nígbàkúùgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọlọ́pàá àti àjèjì.

David Olúwálé ni orúkọ rẹ̀. Èkó ni wọ́n ti bí i. Ní 1949, ó fara pamọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì gúnlẹ̀ sí Hull. Ó ṣiṣẹ́ ní Leeds, ara rẹ̀ kò yá, wọ́n fi sí ilé ìwòsàn àwọn tí orí wọn dàrú fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí ó jáde, ìta gbangba ni ó ń sùn. Àwọn ọlọ́pàá méjì ní ìlú náà, Geoffrey Ellerker àti Kenneth Kitching, sọ ọ́ di ẹni àlùbolẹ̀ lóru. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1969, wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú odò Aire. Ọ̀rọ̀ náà ìbá ti rì sínú omi pẹ̀lú rẹ̀, bí kì í bá ṣe pé ọ̀dọ́ kan tí ń kọ́ṣẹ́ ọlọ́pàá gbọ́ àwọn àgbà ibi iṣẹ́ tí wọ́n ń sọ ọ́, tí ó sì fẹjọ́ sùn. Ní 1971, ilé ẹjọ́ rán àwọn ọlọ́pàá méjèèjì lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí pé wọ́n lù ú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò dá wọn lẹ́bi ikú rẹ̀. Ní 2022, wọ́n gbé àmì ìrántí rẹ̀ kọ́ sórí afárá ní Leeds. Wọ́n jí i lọ ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n tún fi òmíràn síbẹ̀. Ní 2023, wọ́n ṣí afárá tuntun kan tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ọlọ́pàá ni ó lù ú, ọmọ ẹnu iṣẹ́ ọlọ́pàá náà ni ó sì tú àṣírí. Bí a bá kọ́ ọmọ ní apá kan, kí a má fi apá kejì dù ú.

ÌTÀN TIWA

Àwa náà ní ìtàn tí ó tó kún ilé. Ẹ gbọ́ orúkọ náà: ọlọ́pàá, ẹni tí ó ni ọ̀pá. Kí òyìnbó tó dé, ìlàrí Aláàfin wà, ẹmẹ̀sẹ̀ wà láàfin Ọọ̀ni. Lẹ́yìn náà ni akódà dé, ní ayé ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀. Ẹni tí ó mú ọ̀pá ọba lọ́wọ́ kì í ṣe ọba. Iṣẹ́ ni wọ́n rán an, yóò sì padà wá jíṣẹ́.

Ní 1861, ọdún tí Èkó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ni ìtàn iṣẹ́ ọlọ́pàá ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá fúnra wọn ń ka ọgbọ̀n ọkùnrin tí wọ́n fi ṣọ́ ilé aṣojú Gẹ̀ẹ́sì sí àkọ́bẹ̀rẹ̀ wọn. Láìpẹ́, àwọn ọmọ Haúsá ni Glover kó jọ láti máa ṣọ́ Èkó. Kí nìdí? Gómìnà fẹ́ ọmọ ogun tí kò ní ìbátan láàárín àwọn tí yóò máa pàṣẹ fún. Àlejò ni wọ́n fi ṣọ́ onílé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tekena Tamuno kọ ìwé ńlá kan lórí ìtàn ọlọ́pàá Nàìjíríà láti 1861 dé 1965, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ sí i lè wá a kà.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1930, wọ́n da ọlọ́pàá ìhà Àríwá àti ti ìhà Gúúsù pọ̀ di ọ̀kan. Ní 1955, wọ́n gba obìnrin sí iṣẹ́ náà. Ní 1964, Louis Edet di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà gbogbo ọlọ́pàá.

Àwọn wọ̀nyí jẹ́ ohun ìyangàn. Ohun ẹkún náà wà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa òṣìṣẹ́ mọ́kànlélógún tí ń wa èédú ní Iva Valley, ní Enugu. Àwa òṣìṣẹ́ rélùwéè kò gbọdọ̀ gbàgbé wọn, nítorí èédú Enugu ni ọkọ̀ ojú irin ń jẹ láyé náà kí ó tó lè sáré. Èyí tí ó sún mọ́ wa jù lọ kò tíì pẹ́. Fídíò tí wọ́n yà ní Ughelli, nítòsí wa níbí, ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2020, ni ó dá iná ìwọ́de lórí SARS sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, wọ́n tú SARS ká. Ní ọjọ́ 20, ìbọn dún ní Lẹkí. Àwọn ọmọ tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà ti ń di géńdé báyìí. Ta ni yóò sọ ìtàn náà fún wọn láìfi kún un, láìyọ kúrò nínú rẹ̀?

IBI TÍ A LÈ MÚ ÀWỌN ỌMỌ LỌ

Ibì kan kò jìnnà sí wa. Ní Asaba, ní ìpínlẹ̀ Delta wa yìí, ilé Mungo Park wà, èyí tí ilé iṣẹ́ Royal Niger Company gbé kalẹ̀ ní 1886. Mùsíọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ ni ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí. Ilé iṣẹ́ oníṣòwò yìí ní ọmọ ogun ọlọ́pàá tirẹ̀, Royal Niger Constabulary. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ronú sí i: oníṣòwò ni ó ni ọjà, òun náà ni ó ni ọlọ́pàá. Ta ni aláìní yóò fi ẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ ta ni?

Bí a bá sì lọ kí ará ilé ní Èkó lásìkò ọdún, Freedom Park wà ní Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìjọba wó o ní 1979, wọ́n sì sọ ọ́ di ọgbà ìtura àti ìrántí ní 2010. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára àwọn tí a tì mọ́bẹ̀ rí. Nínú ọgbà tí ènìyàn ti ń ka òòró ọjọ́, eré ìtàgé, orin àti àpérò ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ báyìí. Kí ẹnikẹ́ni má dúró de ọkọ̀ ojú irin wa o, ọ̀nà irin Warri kò kọjá Itakpe. Mọ́tò ni yóò gbé yín dé Èkó.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ ỌMỌ MỌ̀ SÓRÍ

Bí wọ́n bá pè mí kí n yan kókó ọ̀rọ̀ ìta gbangba kan fún àwọn ọmọ wa, ohun tí òfin sọ ni n ó mú. Abala 35 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ̀rọ̀ kedere.

Èkíní, ẹni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ rí ìdí rẹ̀ gbà ní kíkọ sílẹ̀ láàárín wákàtí 24, ní èdè tí ó yé e. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa: ní èdè tí ó yé e.

Èkejì, ó ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́, kí ó má dáhùn ìbéèrè kankan títí yóò fi bá lọ́yà rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn tí ó bá yàn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta, bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín ogójì kìlómítà, ọjọ́ kan ni kí wọ́n fi gbé e dé iwájú adájọ́. Bí kò bá sí, ọjọ́ méjì, tàbí iye tí ilé ẹjọ́ bá rí i pé ó tọ́. Òfin yọ ẹ̀sùn tí ó lè la ikú lọ sọ́tọ̀.

Ẹ̀kẹrin, òfin ọlọ́pàá ti 2020 kò gbà kí wọ́n mú ìyá nítorí ọmọ, tàbí kí wọ́n mú àbúrò nítorí ẹ̀gbọ́n. Kò sì gbà kí wọ́n mú ènìyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn òwò lásán. Ẹjọ́ gbèsè, ilé ẹjọ́ ni ibi tirẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ọ̀fẹ́ ni béèlì. Ara ògiri àgọ́ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ kì í ṣe ìwé àṣẹ àfojúdi. Ọmọ tí wọ́n bá dá dúró, kí ó kí ènìyàn, kí ó sọ orúkọ rẹ̀, kí ó má sá, kí ó má ja ìjàkadì. Kí ó wo orúkọ tí ó wà láyà aṣọ, kí ó béèrè orúkọ àgọ́ tí wọ́n ń mú un lọ, kí ó sì wá ọ̀nà láti ránṣẹ́ sílé. Ẹni tí ó mọ òfin kì í pariwo.

ÀBÁ MI FÚN ẸGBẸ́

Mo mọ̀ pé àgbà kan yóò ní, "Ṣé àwa ni yóò fọwọ́ ara wa pe ọlọ́pàá wá sí ìpàdé? Ṣé kí wọ́n wá mọ ojúlé wa ni?" Bàbá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọ̀ràn bá dé ni ojú ń pọ́n ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Ní ìlú wa, bí wọ́n bá mú ọmọ, baálé yóò dìde, ará ilé yóò dìde. Níbí, àtìpó ni wá. Ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá tí wọ́n gbé wá sí Warri náà, àtìpó ni wọ́n, wọ́n fi ìyá sílẹ̀ níbòmíràn gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti fi sílẹ̀. Kò sí ìdí tí àlejò méjì yóò fi máa wo ara wọn bí ológbò àti eku.

Nítorí náà, mo dá àbá mẹ́ta. Kí ẹgbẹ́ ya ìpàdé kan sọ́tọ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta fún ọ̀rọ̀ ìta gbangba. Kí a pe ọlọ́pàá tí ó ti fẹ̀yìntì, kí a pe lọ́yà, kí a sì kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá kí ó rán ẹnì kan wá. Kí àwọn ọ̀dọ́ kọ ìbéèrè wọn sínú ìwé láìfi orúkọ sí i, kí akọ̀wé kà á jáde.

Èkejì, kí a ní àpótí kan nínú gbọ̀ngàn wa. Ẹni tí baba rẹ̀ ṣe ọlọ́pàá tàbí akódà rí, kí ó mú fọ́tò rẹ̀ wá, tàbí bẹ́líìtì rẹ̀, tàbí fèrè rẹ̀, tàbí ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Kí ó kọ orúkọ baba náà àti ọdún tí ó fi ṣiṣẹ́ sí i. Kí ohun wọ̀nyí má baà di oúnjẹ ikán. Mùsíọ́ọ̀mù tiwa ni yóò jẹ́, bí ó tilẹ̀ kéré.

Ẹ̀kẹta, ní ìgbà ìsinmi, kí àwọn ọmọ ṣe eré ilé ẹjọ́. Kí ọ̀kan ṣe adájọ́, kí ọ̀kan ṣe ọlọ́pàá, kí ọ̀kan ṣe lọ́yà, kí ọ̀kan ṣe ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Lẹ́yìn náà kí wọ́n pààrọ̀ ipò. Ọmọ tí ó ti ṣe ọlọ́pàá láàárọ̀ tí ó sì ṣe ẹlẹ́wọ̀n lọ́sàn-án yóò mọ bí ọ̀pá ṣe ń rí lọ́wọ́ ẹni tí ó mú un, àti bí ó ṣe ń rí lẹ́yìn ẹni tí ó bà.

Kò ná wa ní owó púpọ̀. Àga wà, gbọ̀ngàn wà, àwọn ọmọ sì wà. Kí ẹni tí ó bá fara mọ́ ọn sọ ọ́ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ó fi sínú ọ̀rọ̀ ìpàdé wa tí ń bọ̀. Láti òní lọ, bí ọmọ bá ń sunkún lóru, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orin rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ.